Omi Tí Evelio Yìn Lórí Rédíò

Ẹnu Evelio Zúñiga mú bí abẹ. Láràárọ̀, bí àwọn ará ìlú Santa Rita bá ń yan tortilla, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ wọn, ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò. Kì í mutí, kì í jalè. Nítorí náà ó ka ara rẹ̀ sí olódodo.

Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló wà nílùú náà, ẹgbẹ́ Ẹṣin àti ẹgbẹ́ Ìràwọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ẹṣin ń ṣèjọba, omi ẹ̀rọ pọ́n bí ẹrẹ̀. Evelio, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ìràwọ̀, pè wọ́n ní apààyàn títí wọ́n fi fìdí rẹmi nínú ìbò.

Ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọlé. Omi kò yí padà. Ọ̀rọ̀ Evelio ló yí padà.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ló ń wí, “omi ti mọ́. Àwọn tí ìbò já kulẹ̀ ló ń pariwo.” Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Nílé tirẹ̀, wọn kì í mu omi náà láìsè é.

Màmá Obdulia, ìyá rẹ̀, tó ń dá gbé lókè ìlú, gba ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi jìnnà, ara rẹ̀ sì ti di ara àgbà. Ó ṣíwọ́ omi sísè. Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi gbé e dé ọsibítù.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò se omi yẹn?” Evelio bi í létí ibùsùn.

Ìyá lajú díẹ̀. “Ṣebí ìwọ lo ní ó ti mọ́, ọmọ mi.”

Kò fi bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dun Evelio wọ egungun. Ó jókòó, ó rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti ń rẹrù láti ọdún pípẹ́.

Nicanor onígbàjámọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Ẹṣin tí Evelio ti bú lórí rédíò láìmọye ìgbà, gbé ọbẹ̀ adìẹ wá fún ìyá náà.

“Ṣé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni?” Evelio bi í.

“Ẹ̀sín wo? Nígbà tí ẹgbẹ́ tiwa ń ṣèjọba, mo mu omi pípọ́n yẹn lójú gbogbo èèyàn, mo ní ó dùn. Ìyàwó mi kàn ń wò mí ni. Irọ́ kan náà la jọ pa, fìlà wa ló yàtọ̀. Jésù ló gbà mí lọ́wọ́ ara mi.”

“Ó ti rẹ̀ mí, Nicanor.”

“Ẹni tó ti rẹ̀ gan-an ni Jésù ń pè.”

Evelio kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. “Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Ṣàánú mi.”

Lọ́jọ́ kejì ó sọ lórí rédíò pé, “Omi burú nígbà tiwọn, mo pariwo. Ó burú nígbà tiwa, mo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa se omi yín.” Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹgbẹ́ Ẹṣin ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó kọ̀. Ara ìyá rẹ̀ yá, àmọ́ okun rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́.

Lónìí, níwájú ṣọ́ọ̀bù Nicanor, ẹgbẹ́ méjèèjì ń jókòó sọ̀rọ̀ ìlú. Bí ẹnì kan bá fẹ́ máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ kejì, Evelio á ní, “Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín ná.”

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, àwọn aláṣẹ lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn lóòótọ́. N kò gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá dúró níwájú Ọlọ́run, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí o dìbò fún ni yóò bi ọ́. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni àgàbàgebè, kò sì lówó oṣù. Sọ ẹrù náà kalẹ̀ lónìí. O lè ti sú ara rẹ, ṣùgbọ́n o kò tíì sú Jésù.