Ikùn Mi Kì í Ṣe Ìbẹ́pẹ

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Munir wá bá béèrè. Ohun tó sọ nìyẹn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Nafisah ní òpópónà Jùbílì, n'Ìkàrẹ́, ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jí adìyẹ, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tí ń mú ikùn le yẹn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Nafisah wo ojú rẹ̀, ó sì wo ikùn rẹ̀. Ẹ̀wù eré ìdárayá ló wọ̀, fèrè tíṣà sì ń fì lọ́rùn rẹ̀. Ikùn yọ síwájú lábẹ́ ẹ̀wù náà, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ kò ṣeé fi pamọ́.

"Ẹ̀gbọ́n yín yìí, ṣé tíṣà eré ìdárayá ni wọ́n?"

Munir kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín borí rẹ̀. "Tíṣà eré ìdárayá ni wọ́n. Ọ̀kà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ọ̀hún sì ti sọ wọ́n lórúkọ."

"Orúkọ wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ kì í gba ọ̀nà ikùn wọlé, kó wá bá èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí jiyàn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Nafisah, yóò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè. Ṣé oyún wà níkùn? Ṣé wọ́n fi ẹ̀rọ kankan ran ọkàn lọ́wọ́? Ṣé irin wà lára, yálà nínú eegun tàbí níbikíbi? "Òòfà ló wà nínú ẹ̀rọ yìí," ni yóò máa wí. "Òun àti irin kì í gbé inú ilé kan náà." Bí ẹni náà bá ní irin, yóò dá a padà sílé, ì báà jẹ́ ìyàwó gómìnà.

Munir kò ní irin lára. Ohun tó ní ni àṣejù ẹnu. Ó ní òun ti gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ rí, kí ni ẹ̀rọ kan fẹ́ fi òun ṣe? Nafisah de àwọn àwo pẹlẹbẹ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn níkùn, ó tẹ bọ́tìnnì. Iṣan inú Munir fà wọlé, ó tú, ó tún fà, kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà di bẹ́ẹ̀dì mú ní ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò sì lè dá a dúró.

"Iná NEPA lẹ gbé sí mi lára yìí?"

"Kì í ṣe iná. Òòfà ló ń pe iṣan yín, iṣan yín sì ń dáhùn. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Gbogbo eré ìdárayá tí ẹ kọ̀ tí ẹ ò ṣe, òun ló ń bá yín ṣe é."

"Ẹ̀yin fúnra yín ti gbé e sára rí?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí i, lójú gbogbo obìnrin Ìkàrẹ́ tó fẹ́ wò ó. Bí mo bá ń ta ọbẹ̀, ṣé mi ò ní tọ́ ọ wò?"

Munir tún wá, ó tún wá. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí, kí ará Ọ̀kà kankan má bàa rí i. Ikùn náà le díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ Nafisah kò tàn án. Ó ní òòfà kò lè bá iyán alẹ́ jà. Munir ní kó wá máa bá òun jẹ iyán náà nígbà náà, kó lè dín kù. Níbi tí wọ́n ti ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ ni "ẹ" ti di "o", tí "Tíṣà" sì di "Tíṣà mi". Nafisah fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó ti bá pàdé, àwọn ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà.

"Nafi," ni Munir wí lọ́jọ́ kan, "mo fẹ́ kí ìyá mi rí ọ."

Ìwárò ní Ọ̀kà ni ilé wọn wà. Bàbá Munir ti ṣaláìsí, nítorí náà Bàbá Jimoh, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń ṣe olórí ẹbí. Alàájà Limota, ìyá Munir, gba Nafisah tọwọ́tẹsẹ̀. Ó bu ẹran sí i lábọ́, ó pè é ní ọmọ mi. Ìgbà tí oúnjẹ wọlé tán ni ọ̀rọ̀ jáde.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń gbé iná sí ikùn ara rẹ."

"Òòfà ni, Alàájà. Kì í ṣe iná."

"Orúkọ yòówù kó máa jẹ́. Gbogbo Ọ̀kà ló ń sọ ọ́ pé ó ń jó ilé ọmọ. Munir ni àbíkẹ́yìn mi, mo sì fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Èmi àti ìwọ yóò jọ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ilé ọmọ rẹ wò. Bí àbájáde bá dára, a ó wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ."

Nafisah gbé síbí kalẹ̀.

"Alàájà, ọmọ yín náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Òòfà tó mú mi níkùn ló mú òun náà. Ta ni yóò yẹ tiẹ̀ wò?"

Bàbá Jimoh da ohùn sí i. "A kì í yẹ ọkùnrin wò nílé yìí."

"Kí wọ́n má yẹ èmi náà wò, Bàbá. Ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ikùn mi kì í ṣe ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń tẹ̀ wò lọ́jà kí wọ́n tó rà á."

Ó wo Munir. Munir ń wo ilẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí ló dùn ún jù.

Nígbà tí wọ́n jáde, Munir ní, "Nafi mi, o ò bá ṣe é fún wọn. Àyẹ̀wò lásán ni. Wọn ò ní rí nǹkan kan."

"Bí wọ́n bá rí nǹkan ńkọ́?"

Munir bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ nínú àpò.

"Ó dáa," ni Nafisah wí. "Mo ti gbọ́." Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà mìíràn, ó sì gba Ìkàrẹ́ lọ.

Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àyẹ̀wò náà. "Ọmọ mi, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Ìyá mi, èmi kọ́ ni àáké yẹn."

Ó bọ́jú, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà kan sá nítorí àhesọ ọ̀hún. Nafisah bá tún dùbúlẹ̀ lójú àwọn tó kù, ó de ẹ̀rọ mọ́ ikùn ara rẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá gbóòórùn iná kó pariwo.

Ọjọ́ Sátidé kan, àwọn obìnrin kún inú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọ̀kadà kan dúró gbọnrangandan lójú títì. Munir wọlé.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀," ni ó wí fún gbogbo wọn. "Munir ni mí, tíṣà ni mí l'Ọ́kà. Oníbàárà ibí ni mí. Ikùn tèmi ló máa ń gbé mi wá, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi." Ó yíjú sí Nafisah. "Bí wọ́n bá rí nǹkan, ìwọ náà ni mo fẹ́. Bí a ò bá bímọ, àwa méjèèjì ni a ò bí, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ìyá kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní, "Ó dáa náà, tíṣà, ẹ jẹ́ kó parí tèmi."

Inú Nafisah ń dùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn. "Kì í ṣe ibí ló yẹ kó o ti sọ ọ́, Munir."

"Mo mọ̀. Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí."

Ó lọ lóòótọ́, ó sì sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ ní ojúkojú. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni pé Alàájà fúnra rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ìkàrẹ́, òun nìkan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Nafisah níbi tó ti ń nu bẹ́ẹ̀dì.

"Gbé e sí èmi náà níkùn. Mo ti bímọ mẹ́rin. Bó bá jẹ́ iná, màá mọ̀."

Nafisah fún un ní àga. Ìbínú kan kò sí nínú ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó bi í ní ohun tó ń bi gbogbo ènìyàn. Ọkàn Alàájà kò ní ẹ̀rọ kankan nínú.

"Irin ńkọ́, Alàájà? Ṣé irin wà lára yín?"

Alàájà bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún ìbòrí rẹ̀ wé. "Irin tó kéré ńkọ́?"

"Bó ti wù kó kéré mọ."

"Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Nafisah ti ilẹ̀kùn.

"Nígbà tí mo bí Munir, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi títí wọ́n fi ní mo ti lọ. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé bí mo bá tún lóyún, n ò ní padà bọ̀. Mo ní kó fi lúùpù sí mi nílé ọmọ, irin kékeré tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún. Bàbá Munir kò mọ̀ títí ó fi kú. Wọ́n ní ayé ló dì mí, mo jẹ́ kí wọ́n máa wí i. Bàbá Jimoh mú mi dé ọ̀dọ̀ gbogbo ààfáà tó wà láti ibí dé Ìṣùà. Mo mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi ń fọ wàláà, títí ó fi ń sú mi."

"Lúùpù náà ṣì wà níbẹ̀?"

"Ta ni mo fẹ́ ní kó bá mi yọ ọ́, kí wọ́n má gbọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe Nafisah, inú sì bí i, méjèèjì pọ̀. "Alàájà, ẹ̀yin náà lẹ wá ní kí wọ́n yẹ èmi wò."

"Nítorí mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin tí kò bímọ mọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi wò ọ́."

"Mi ò ní gbé ẹ̀rọ sí yín lára. Èmi yóò tẹ̀lé yín dé ọsibítù kí wọ́n yọ irin yẹn, ó ti pẹ́ jù. Ohun tí ẹ sọ kò ní gba ẹnu mi jáde. Àmọ́, Alàájà, mi ò ní ṣe àyẹ̀wò kankan."

Alàájà dìde. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Munir pe ẹbí rẹ̀ àti Nafisah jọ sí Ìwárò. Ó sọ tẹnu rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò wo ilẹ̀ rárá. Bàbá Jimoh yíjú sí Alàájà. Ó béèrè pé, "Àyẹ̀wò ńkọ́?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi," ni Alàájà wí. "Mo lọ sí Ìkàrẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Bàbá Jimoh mi orí, ó ti ń la ọwọ́ láti ṣe àdúà. Ọ̀rọ̀ ti parí. Bí Nafisah bá dákẹ́, ó ti di ìyàwó. Ó mọ̀ ọ́n, ọkàn rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí yóò tẹ̀lé e wọ ilé yìí ńkọ́? Àyẹ̀wò tí òun bá gbà lẹ́nu lásán lónìí, ti ẹni yẹn yóò di ti òótọ́ lọ́la.

"Bàbá, ẹ dákun. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ mí wò. Alàájà ń bò mí láṣìírí ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ṣe ohun tó yẹ ká bò."

Bàbá Jimoh dìde. "Ó parí nìyẹn."

Munir náà dìde, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nafisah, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bó bá parí, Bàbá, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

"Ẹ jókòó, Bàbá Jimoh."

Alàájà ló sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà ní ìyàwó, kò fi ohùn yẹn bá a sọ̀rọ̀ rí. Bàbá Jimoh jókòó.

"Ẹ rántí hàǹtú tí ẹ fún mi mu lẹ́yìn tí mo bí Munir? Kò sẹ́ni tó dì mí. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n fi lúùpù sí mi, nítorí mo fẹ́ wà láàyè tọ́ àwọn mẹ́rin tí mo ní. Mo sì wà láàyè. Bí ẹ bá fẹ́ lé obìnrin jáde nílé yìí nítorí ilé ọmọ, èmi lẹ ó kọ́kọ́ lé."

Munir wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wíwá òun sáyé ná an. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Bàbá Jimoh wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Gbogbo hàǹtú yẹn," ló wí níkẹyìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọjọ́ tí àwọn ará Ìkàrẹ́ yóò fẹ́ so yìgì.

Mọ́sálásí àdúgbò Nafisah ni wọ́n ti so ó. Bàbá Jimoh wá, ó fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wá. Alàájà jókòó láàárín àwọn obìnrin, ara rẹ̀ yá, wọ́n ti yọ irin náà. Àwọn ìyá àgbà ti kọ́ Nafisah pé bí ààfáà bá bi í, kó rẹ ohùn sílẹ̀, kó dáhùn bí ẹni tí ojú ń tì.

"Nafisah," ni ààfáà wí, "ṣé o fẹ́ Munir ní ọkọ?"

Ó gbé orí sókè. "Mo fẹ́ ẹ," ló wí, àwọn tó wà níta lábẹ́ igi sì gbọ́ ọ. "Èmi ni mo yàn án."