Àwòrán Ìyá Lójú Kọ̀ǹpútà

Òjò ti pa ọmọbìnrin kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìborùn tó yẹ kó wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ló fi wé. Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, omi ń kán láti irun rẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ gbójú sókè, kò sì rántí ohun tó ń ṣe mọ́. Ẹ má bi mí bóyá ìfẹ́ ni àbí àánú. Òun gan-an kò mọ̀.

Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí bó bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ nu ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin náà ní kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò gba iná mọ́. Ti ìyá òun ni, ìyá náà sì ti kú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Kí iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun tó gba ohùn rẹ̀, ìyá jókòó síwájú ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀: ó ń kàwé, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ibòmíràn tí ohùn náà wà.

Pẹ̀lẹ́ tún ibi tí iná ń gbà wọlé ṣe, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí àwọn da àwọn ohùn náà kọ síbòmíràn. Ọmọbìnrin náà ní ó dáa, àwọn á ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ Sátidé dé, ọ̀rọ̀ dídùn gba ẹnu wọn, wọ́n gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ télọ̀ ni ọmọbìnrin náà ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà. Kò pẹ́ tí Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ já bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kó lè rí nǹkan gbé lọ fún un.

"Bọ́tìnnì mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan," Télọ̀ wí. "Ṣé ò ń bá wọn jà ni?"

"Àwọn náà mọ ibi tó dáa ni, olólùfẹ́ mi."

Ẹnì kan ṣoṣo tínú rẹ̀ kò dùn sí i ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀ ọkùnrin, awakọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ látìgbà tí bàbá wọn ti kú. Ó ní ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo inú ẹ̀rọ kò lè mọ inú èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, Télọ̀ béèrè ohun tó dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà náà, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ṣé Pẹ̀lẹ́ lè yọ ọ́, kó fi àwòrán ìyá síbẹ̀? Pẹ̀lẹ́ ní nǹkan eléwu ni. Àmì yẹn wà nínú ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí ẹ̀rọ lójú oorun, àfi kéèyàn tún ètò náà kọ. Bí iná bá lọ láàárín kan, ẹ̀rọ kò ní jí mọ́. Ó ní kí àwọn fi í sílẹ̀.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò máa kọ́kọ́ kí mi," Télọ̀ wí.

Ta ló fẹ́ sọ pé rárá sí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Pẹ̀lẹ́ gbà.

Ó fi iná kún bátìrì, ó yá òmíràn tì í, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀gbẹ́ wáyà kọjá. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ parí, ó tan ẹ̀rọ, ojú ìyá yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn kedere. Télọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Kí wọ́n tó mí kanlẹ̀, àwòrán náà pòórá, ìkọ̀wé rọ́pò rẹ̀: ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ yìí ti yí padà, ẹ tẹ nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta tí wọ́n fi ń ṣí i.

Ìyá ti ti inú ẹ̀rọ náà pa nígbà ayé rẹ̀. Ó yẹ kí Pẹ̀lẹ́ kọ́kọ́ béèrè, kó tú àgádágodo yẹn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ iná ló gbájú mọ́. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi pamọ́ sára, tó fi ń ṣí ara rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ti bá ètò àtijọ́ lọ. Ó ní kí Télọ̀ máa lọ sílé ná, kó wá nọ́ńbà náà nínú ẹrù ìyá. Télọ̀ kò rí i nínú ìwé, nínú àpò, lábẹ́ tìmùtìmù.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ pé ẹ̀rọ náà ti gbó, ó kàn kú ni. Ta ló máa mọ̀? Pẹ̀lẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rò ó bó ṣe rí.

"O ti pa ìyá wa lẹ́ẹ̀kejì," ẹ̀gbọ́n wí.

Télọ̀ ń ká okùn ìwọnṣọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí Pẹ̀lẹ́ máa lọ.

Oṣù méjì kọjá. Pẹ̀lẹ́ kọ̀wé sí ẹni gbogbo tó mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, èsì kan náà ni gbogbo wọn fọ̀: láìsí nọ́ńbà yẹn, kò ní ṣí. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Télọ̀ wọlé, ó ti rù.

"Sọ fún mi. Ṣé ó máa ṣí lọ́jọ́ kan?"

Ọ̀gá ṣẹ́jú sí Pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn Télọ̀. Ọ̀rọ̀ ìrètí kan ṣoṣo ti tó láti dá ọmọbìnrin náà padà, Pẹ̀lẹ́ sì fẹ́ ẹ padà ju bó ṣe fẹ́ ẹ̀mí lọ.

"Kò ní ṣí," ó wí. "Ohùn wọn ti lọ. Èmi ni mo ṣe é."

Télọ̀ jókòó sórí àpótí, ó sunkún títí. Nígbà tó dákẹ́, ó ní dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé ìyá kò ní yè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n sọ fún òun pé ara rẹ̀ ti ń yá. Aṣọ tí ìyá máa wọ̀ kúrò ní ọsíbítù lòun ń rán lọ́wọ́ nígbà tó kú. Òun kò dágbére fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn mi, ó sì parọ́ fún mi. Ìwọ náà fẹ́ràn mi, o ò parọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá máa bá gbélé, mo fẹ́ lè bi í léèrè ọ̀rọ̀ kí n sì gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́."

"Ṣé ìgbéyàwó lò ń sọ?"

"Òun ni. Wá bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àìkú. Á bú ọ. Jẹ́ kó bú ọ tán kó o tó tọrọ mi."

Pẹ̀lẹ́ ní òun á jókòó, òun á gbọ́ ọ dópin.