Òkò Tó Ba Aládùúgbò

"Lónìí, a tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Japan palẹ̀ pátápátá," ni Mùsílíù wí, bó ti ń fi ọṣẹ bó epo dúdú kúrò ní ìka rẹ̀. "Àwọn tó ṣe é gbọ́n o. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló wà létòlétò."

Sàdíátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. "Dádì, ọkọ̀ Japan náà lẹ tún wá ń yìn? Ṣebí àwọn ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Àdùfẹ́, ìyá rẹ̀, bojú wò ó láti ìdí sítóòfù. Ṣùgbọ́n Mùsílíù kò bínú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó.

"Irin Japan àti ti ilẹ̀ òkèèrè mìíràn pọ̀ lọ́jà, ó dínwó sí tiwa, ni ilé-iṣẹ́ wa bá ti ìlẹ̀kùn. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ọmọ mi."

Láti ìgbà tí Mùsílíù ti kúrò ní Ìwó wá sí Chicago ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin tó wà ní gúúsù ìlú náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí ìjọba. Ìjọba wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbà pé ọjà tó ń wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè ló fà á. Ètò kan wà fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ìjọba á máa fún wọn lówó tí wọ́n á fi jẹun fúngbà díẹ̀, á sì tún bá ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mìíràn san owó ẹ̀kọ́. Mùsílíù kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun kì í ṣe alágbe. Àdùfẹ́ ló bá a sọ ọ́ títí, pé iṣẹ́ tó ti lọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàbá ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ṣe di ọmọ ilé-ìwé nìyẹn, tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ọ̀rọ̀ náà ń ti Sàdíátù lójú. Ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni bàbá wọn ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin yẹn. Bàbá Donald, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wọ bọ́ọ̀sì, kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ kankan. Iwájú tẹlifíṣọ̀n ló ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Fẹ́búárì, Sàdíátù àti Donald pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì mìíràn ń ti ilé-ìwé bọ̀. Yìnyín ti dì gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n bá ọkọ̀ Japan kékeré kan níwájú ilé ìfọṣọ.

"Ẹ wo ohun tó jẹ iṣẹ́ bàbá wa run," ni Donald wí. Ó wá yíjú sí Sàdíátù. "Àbí ká má fọwọ́ kàn án? Bàbá tìẹ ló kúkú ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gún Sàdíátù bí abẹ́rẹ́. Kí ó má baà dá yàtọ̀ láàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó he ìṣù yìnyín kan tó le bí òkúta, ó sì jù ú. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà fọ́ yángá.

Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Donald nìkan ló yọ̀ ṣubú, àwọn tó ń fọṣọ sì jáde, wọ́n dá a mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Donald kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Sàdíátù ń wo àga Donald tó ṣófo. Ó rò pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á lọ. Ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Mùsílíù wọlé. "Barbara tó ń gbé ilé kejì sí wa ní kí n bá òun wo ọkọ̀ òun," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló rà á, ọmọkùnrin kan sì ti fọ́ gíláàsì rẹ̀. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń wọ̀ báyìí kó tó dé ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́."

"Dádì," ni Sàdíátù wí. "Kì í ṣe Donald. Èmi ni mo fọ́ ọ."

Àdùfẹ́ pa sítóòfù.

"Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé," ni Mùsílíù wí. "Wọ kóòtù rẹ."

Sàdíátù kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Barbara. Obìnrin Amẹ́ríkà dúdú náà kò mọ ìdí ìkúnlẹ̀ yìí. "Dìde, ilẹ̀ tutù," ló wí. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó mí kanlẹ̀.

"Àbúrò mi ọkùnrin náà ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin yẹn, mo mọ bó ṣe ń dunni. Mo ra ọkọ̀ yìí nítorí pé kì í mu epo púpọ̀. Nígbà tí o jù ú lókò, ta lo rò pé o ń jù? Japan ni, àbí èmi?"



Lọ́jọ́ kejì, Sàdíátù lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n pe Donald padà, wọ́n sì lé Sàdíátù sílé. Wọ́n tún fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú àwọn tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì nígbà ìsinmi, ohun tó ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún tó kọjá. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó bá bàbá rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Awóyẹmí, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó fúnra rẹ̀ mú orúkọ Yorùbá, gbà wọ́n láyè láti tún ọkọ̀ Barbara ṣe níbẹ̀. Sàdíátù ṣa ẹ̀rúnrún gíláàsì títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló rí bàbá rẹ̀ tó fi gíláàsì mìíràn sí i, tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì rẹ̀ sì rọ̀gbà yí i ká, tí wọ́n ń wò. Ọjọ́ náà ni ìtìjú tó ti ń bá a jà kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tó lọ bẹ Donald nílé wọn, bàbá Donald ló ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá rẹ ló tún ọkọ̀ yẹn ṣe?" ló bi í. "Ṣé wọ́n ń gba àgbà bíi tèmi níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá mi ló dàgbà jù ní kíláàsì wọn."

Ọkùnrin náà kò sọ pé òun á lọ. Ó kàn ní kó sọ ibi tí ọ́fíìsì ìrànwọ́ náà wà fún òun. Ní ti Donald, ó ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó tó tún jókòó ti Sàdíátù nínú bọ́ọ̀sì.

Sàdíátù ti wá mọ̀ pé ẹni tó ń bínú láìmọ ẹni tó ṣẹ òun, aládùúgbò rẹ̀ ni òkò rẹ̀ ń bà. Kò sì sí ìtìjú nínú ìrànwọ́ tí èèyàn gbà tó fi kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ìtìjú ni kí a ṣẹ̀, kí a sì máa wo ẹlòmíràn níran kó máa jìyà rẹ̀.