Ẹkún Ọ̀kẹ́rẹ́

Nígbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ inú fíìmù náà gbé ọmọ rẹ̀ há ẹnu, tó bẹ́ kúrò lórí igi tí katapila ń wó lọ, gbogbo kíláàsì na ọrùn láti wò ó. Fíìmù àwòrán ni, irú èyí tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Tíṣà wọn ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí tábìlì méjì tó tò léra. Àwọn ẹranko náà kó ara wọn jọ láti lé àwọn tó fẹ́ sọ igbó wọn di ilé. Òòrẹ̀ fi ẹ̀gún ara rẹ̀ gún táyà típà, oyin sì ya bo awakọ̀ katapila, ọkùnrin kan tó ní eyín gbọọrọ àti ikùn bí àgbá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Rédíò ló sunkún jù. Rédíò ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kòríkòsùn, tí wọ́n jọ ń jókòó pọ̀, ni wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í dé ẹ̀yìn kíláàsì. Jẹ́jẹ́ kò sunkún ní tirẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

Bí fíìmù ṣe parí ni wọ́n gbọ́ katapila gidi tó ń kùn lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń wó igbó ibẹ̀. Ẹnì kan béèrè irú èèyàn burúkú tó lè wa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo, oníkálukú ń sọ ohun tí òun yóò fi ojú onítọ̀hún rí.

Rédíò mọ ẹni náà. Jẹ́jẹ́ ló sọ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ṣùgbọ́n Rédíò rí i pé bí òun bá lanu báyìí, ọ̀dọ̀ òun ni gbogbo ojú yóò yí sí.

"Bàbá Jẹ́jẹ́ ni," ó wí.

Kó tó di àkókò ìsinmi, orúkọ Jẹ́jẹ́ ti di Ọmọ Katapila. Bó bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, wọn á máa fi ẹnu kùn bí ẹ́ńjìnnì. Tíṣà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n rọra. Rédíò kó ìwé rẹ̀ lọ sí àga mìíràn. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí òkú ọ̀kẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ọgbà, tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó fi ìwé wé e, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "Kí bàbá rẹ sin ín," ó sì tì í sínú báàgì Jẹ́jẹ́. Ẹni tí à ń ní kó fẹ́ni lójú, ata ló rọ́ sẹ́nu.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ tú u, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ògiri. Jẹ́jẹ́ mọ ẹni tó ni ìkọ̀wé náà. Ó tún un wé, ó gbé e lọ sílé, ó fi han bàbá rẹ̀.

Odidi ọdún kan ni bàbá rẹ̀ fi wáṣẹ́ kó tó rí iṣẹ́ katapila yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí katapila, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé fọ́máànù, ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà, lọ́wọ́, ó ní òun kò lè ṣe é mọ́. Fọ́máànù kò bá a jiyàn. Kí oòrùn tó mú, ẹlòmíràn ti wà lórí àga náà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni igbó tó kù fi tán. Kíláàsì gbọ́ pé bàbá Jẹ́jẹ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ pé àwọn ti borí. Jẹ́jẹ́ kò wá sílé ìwé mọ́, nítorí kò sí owó ilé ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn òbí Rédíò gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ní kó dijú. Nígbà tó lajú, ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwé wọn ló wà, lórí ilẹ̀ pupa, níwájú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí.

"Ó ti pẹ́ tí a ti ra ibí yìí," bàbá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "A ò sọ fún ọ ni, kí rédíò má baà gbé e."

Màmá rẹ̀ dúró lórí kùkùté igi kan, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí yàrá Rédíò yóò wà. Rédíò béèrè ibi tí àwọn ẹranko lọ.

"Ẹranko wo?" ni màmá rẹ̀ fèsì.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé Jẹ́jẹ́. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni màmá Jẹ́jẹ́ ń ṣe, Jẹ́jẹ́ sì ni ó ń lọ aṣọ báyìí. Rédíò jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ilẹ̀ náà. Jẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó gbọ́ ọ tán.

"Ṣé o ti sọ fún wọn ní kíláàsì?"

Rédíò mi orí pé rárá.

"Mo mọ̀. Ẹnu rẹ mọ ọ̀nà ilé wa, kò mọ ọ̀nà ilé yín."

Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó ń lọ ọ́ lọ. Bàbá rẹ̀ yọjú láti inú yàrá, ó béèrè bí ẹ̀kọ́ Rédíò ti ń lọ sí, ó ní kó bá òun kí àwọn òbí rẹ̀. Ìkíni yẹn dun Rédíò ju ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ fún kíláàsì pé àwọn òbí òun ló ni ilẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó fi ẹnu kùn bí ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan béèrè bóyá ilé náà yóò jẹ́ alájà, òmíràn béèrè ọjọ́ tí àwọn yóò wá wò ó. Táì ni bàbá Rédíò máa ń wọ̀, kì í ṣe aṣọ iṣẹ́.

Báyìí ni Rédíò ṣe mọ̀ pé awakọ̀ tó ń wó igi nìkan ni ojú àwọn rí, àwọn kò béèrè ẹni tó rán an níṣẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá sunkún fún ọ̀kẹ́rẹ́ inú àwòrán, tó wá ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, kò ní àánú lójú rárá.