Wọ́n Ti Wá Kó Góòlù

Moráyọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sókè títí ìka rẹ̀ fi kan etí òkè pátákó.

"Ibi báyìí ni Atahualpa, ọba ilẹ̀ Inca, fọwọ́ bà lára ògiri yàrá tí àwọn ará Sípéènì tì í mọ́," ó sọ fún kíláàsì. "Ó ní bí wọ́n bá lè dá òun sílẹ̀, òun á fi góòlù kún yàrá náà dé ibẹ̀, òun á tún fi fàdákà kún un lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ru góòlù wá láti gbogbo ilẹ̀ Inca. Nígbà tí èyí tó pọ̀ ti dé, wọ́n pa ọba."

Ariwo inú kíláàsì rọlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Moráyọ̀, ó sì mọ̀ pé ìtàn òun ti wọ̀ wọ́n lára. Ó ki ọwọ́ bọ àpò pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó sì fa ẹ̀gbà ọwọ́ kan yọ tó ń dán yanran. "Irú èyí ni wọ́n jù sínú iná, tí wọ́n yọ́. Wọ́n ní góòlù tó kù ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí ìròyìn ikú ọba dé. Wọ́n ní wọ́n rì í sínú adágún kan láàárín òkè tí kùrukùru bò. Wọ́n ní ẹni tó bá wá a lọ kì í padà."

"Moráyọ̀," Ọ̀gbẹ́ni Adrian, olùkọ́ ìtàn wọn, dá sí i. "Ta ló ń jẹ́ 'wọ́n'? Ta ló rí i?"

Moráyọ̀ na ẹ̀gbà ọwọ́ náà sókè dípò ìdáhùn. Ọ̀gbẹ́ni Adrian gba ẹ̀gbà ọwọ́ náà, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Góòlù gidi nìyí. Ti ta ni?"

"Ti mummy mi, sir."

Ọ̀gbẹ́ni Adrian tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó ní kí ìyá rẹ̀ wá gbà á fúnra rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Auntie Veronica ló ni ín, ọ̀rẹ́ Mummy tí wọ́n jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì jọ wà ní ìjọ kan náà. Nígbà tí olè fọ́ ilé kan ládùúgbò rẹ̀ ní Thamesmead, ó di góòlù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ó kó o wá fún Mummy. Mummy kó o sínú ike áísìkiriimù, ó da ata lílọ̀ lé e lórí, ó sì gbé e sí fírísà. Ilé Yorùbá wo ní London lèèyàn ti ń ṣí ike áísìkiriimù tó ń bá áísìkiriimù nínú ẹ̀? Ibi ìpamọ́ tó dára ni. Àfi pé Moráyọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí Mummy ń fi í pa mọ́, Natasha ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ní àwòrán góòlù lásán ò lè gba máàkì gidi. Bó ṣe mú ẹyọ kan níbẹ̀ nìyẹn.

"Ṣáà dákẹ́ o," Natasha sọ nígbà tí ilé ìwé parí. "Bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí ike yẹn, ta ló máa mọ̀?"

Wọ́n ń kọjá níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Dockyard nígbà tí fóònù dún.

"Moráyọ̀, níbo lo wà? Wọ́n ti wá kó góòlù inú freezer lọ o. Máa bọ̀ kíá, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan." Mummy sì pa fóònù.

Woolwich ni wọ́n bí Moráyọ̀ sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ní etí tirẹ̀, "wọ́n" kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Olè ti wọlé nìyẹn. Ó sáré fi Natasha sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé ẹnu ọ̀nà estate wọn, èrò mìíràn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn: bí olè bá ti kó gbogbo góòlù, olè náà ló kó ẹ̀gbà ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò ní bi òun léèrè. Ojú ń tì í pé inú òun ń dùn, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn.

Mummy jókòó ní kíṣìnì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ike náà wà lórí tábìlì lófìfo, ata dídì ń yọ́ sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti sunkún.

"Mummy, mo rí wọn," Moráyọ̀ sọ kí Mummy tó la ẹnu.

"O rí àwọn wo?"

"Boys méjì, black hoodie. Láàárọ̀, nígbà tí mò ń lọ sí school. Wọ́n dúró sí staircase, wọ́n ń wo door wa." Mummy ṣì ń wò ó, ló bá fi kún un. "I think ọ̀kan ní knife."

"Boys wo, Moráyọ̀?"

"Àwọn tó kó góòlù."

Mummy kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Moráyọ̀. "Auntie Veronica ló wá kó góòlù wọn."

"But o sọ pé 'wọ́n'."

"Kí ni kí n pè wọ́n? Wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ṣé kí n ní 'ó wá kó góòlù ẹ̀', bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ kékeré?" Mummy fi ìka kan tábìlì. "Orí table yìí ni wọ́n ti tú u. Bangle màmá wọn ò sí níbẹ̀. Mo tú gbogbo freezer yẹn. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé èmi ni mo máa ṣe irú ẹ̀ sí àwọn. Ìwọ wá rí olè tí kò wá. Níbo ni bangle yẹn wà?"

Moráyọ̀ bú sẹ́kún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead lójú ẹsẹ̀. Mummy kò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí Auntie Veronica ṣe ṣílẹ̀kùn, Moráyọ̀ kúnlẹ̀ sórí ẹní ìnusẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Auntie. Èmi ni mo mú un lọ sí school, teacher mi ló tì í mọ́ drawer. Mummy ò mọ nǹkan kan. Ẹ má bínú sí wọn."

Auntie Veronica wò ó, ó wo Mummy, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. "Mo ti sọ fún Sister Mọ́wùnmí."

Mummy dijú. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún Sister Mọ́wùnmí, gbogbo ìjọ ló sọ fún. Auntie Veronica pe Sister Mọ́wùnmí lórí fóònù níbẹ̀, ó ní àṣìṣe ni, ìyá Moráyọ̀ kò mú nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ jìnnà. Wọ́n ní ìyá Moráyọ̀ ta góòlù onígóòlù. Wọ́n ní kì í ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó fi ń kọ́lé ní Lagos.

Mummy gba ààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó lọ gba ẹ̀gbà ọwọ́, ó sì dá a padà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Auntie Veronica wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó ti Mummy kí gbogbo èèyàn lè rí i. Síbẹ̀, obìnrin kan tó wà níwájú wọn bojú wẹ̀yìn, ó rí Mummy, ó sì rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò nílẹ̀ sórí itan. Mummy rí i. Ó ń kọrin lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó dun Moráyọ̀ ju kí wọ́n nà án lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Adrian dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un láti tún kọ. Ó ti fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo "wọ́n ní" inú rẹ̀. Moráyọ̀ pa wọ́n rẹ́, ó sì kọ ọ́ pé: "Mi ò mọ ẹni tó rí góòlù yìí."

Ìwọ tó ń ka èyí, má mú ohun tí kì í ṣe tìrẹ láìtọrọ. Bí o bá sì ti mú un, tètè sọ pé "èmi ni", kó tó di ohun tí "wọ́n" ń sọ. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn fi sọnù, àmọ́ títí di òní, àwọn kan ṣì ń gbé báàgì wọn sórí itan tí ìyá Moráyọ̀ bá jókòó nítòsí.