Ohun Tí Apá Òyìnbó Sọ

Nígbà tí ìjọba gbé mi wá sí Ùsì lọ́dún 2001 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo dé sí. Èmi àti ìyá nìkan la wà nílé ọ̀hún, síbẹ̀ àwo mẹ́ta ni ìyá máa ń bu iyán sí lọ́sàn-án. Á gbé ẹ̀kẹta sí ẹnu ọ̀nà, á fi ọmọrí dé e. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé e wọlé. Iyán náà kì í dín, ṣùgbọ́n mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, kò ní adùn kankan mọ́. N kò tún dán an wò.

Mo ní, "Ìyá, ta lẹ̀ ń bu oúnjẹ pamọ́ fún?"

Ó ní, "Ẹni tó wà l'ọ́nà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí arúgbó máa ṣe tirẹ̀, ìwé tí mo kà kò sọ irú èyí fún mi.

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá ni ìwé ìròyìn kan wà, tó fi aṣọ òfì wé. Fìtílà Èkìtì lorúkọ rẹ̀, ti ọdún 1938, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí méjì: Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún. Ohun kan náà ló yẹ kí apá méjèèjì máa sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bá a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá á ní kí n ka ibì kan ṣoṣo fún òun lápá ọ̀tún:

"Jacob Oyèbánjí, ọmọ Ùsì, tó wà nídìí iṣẹ́ kòkó ní Kùmásì, ti dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń bọ̀ wálé. Kí ìyàwó rẹ̀ fọkàn balẹ̀."

Jacob ni bàbá bàbá mi. Oyún bàbá mi ló fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, kò sì fojú kan ọmọ náà rí. Àwọn ọkùnrin wá ìyá wá títí, ó kọ̀ wọ́n. Ó ní ọkọ òun ń bọ̀. Bí mo bá kà á tán, á máa fi ìka pa orúkọ yẹn lára, àánú rẹ̀ á sì ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí ojú mi bá yà sí apá òsì báyìí, á gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ó tó. Fi t'Òyìnbó sílẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ìyá sùn sí yàrá ẹ̀yìn. Mo kó aṣọ inú àpótí jáde kí n lè sá wọn, mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn náà lórí itan mi. Àwọn adìẹ tó ń ké dákẹ́ lójijì. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ru àpótí páànù. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú, òórùn kòkó sì ń ti ara rẹ̀ wá.

"Ẹ kú ulé o. Àìná wà l'ulé?"

Inú bí mi. Ọmọ àná ń dárúkọ ìyá àgbà gbàgàdà! Àwọn ẹgbẹ́ ìyá pàápàá, Ìyá Adébáyọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Mo ní, "Ìyá ń sùn. Ta ni kí n sọ pé ó wá?"

Ìwé orí itan mi ló ń wò.

"Ọmọ mi, bá mi ka ibẹ̀ yẹn," ló rọra wí. "Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń kà á pé mò ń bọ̀, mo sì ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń dé ẹnu ọ̀nà yìí, n kò sì tíì dé ulé. Kí ni apá Òyìnbó sọ?"

Orí mi wú. Mo fẹ́ pe ìyá, ṣùgbọ́n ojú ìwé ni ojú mi wà, ẹnu mi sì ti ń tú Gẹ̀ẹ́sì náà sí Yorùbá: "Ó dùn wá láti kéde ikú Jacob Oyèbánjí, ọmọ Ùsì, tí ibà pa ní Kùmásì. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀."

Ọkùnrin náà sọ àpótí rẹ̀ kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Àbájọ," ló wí. "Àbájọ tí ọ̀nà ò tán. Bá mi kí Àìná."

Mo ṣẹ́jú, n kò rí i mọ́, n kò rí àpótí.

"Ta l'ò ń kàwé fún?" Ìyá ti wà lẹ́yìn mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó di ògiri mú, ó rọra jókòó.

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀," ló wí. "Tíṣà Adérẹ̀mí tó ń tú Gẹ̀ẹ́sì inú ùwé náà wá jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. A kì í túfọ̀ ọkọ fún aboyún. Ó ní kí n kọ́kọ́ bímọ ná, ló ṣe kọ ọ́ pé ó ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà á sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Jacob ti ń wá. Á dúró níbẹ̀ yẹn lọ́sàn-án, á bi mí bóyá mo wà l'ulé. Èmi mọ̀ pé ó kú, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀." Ó wò mí, kò tilẹ̀ bínú. "Modúpẹ́, ìwọ lo túfọ̀ Jacob fún Jacob."

Ó yọ yẹtí rẹ̀, ó tú irun funfun orí rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí n lọ pe àwọn obìnrin ilé wá, kí n sọ fún wọn pé ọkọ òun kú lọ́sàn-án òní.