Ipa Ìrù Ìyarun

"Ṣé ẹ ti gbọ́? Ọmọ onídìrí yẹn… ojú rẹ̀…"

"Ìpara tí oníkẹ́míìsì tà fún wọn ni. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́ láti…"

"Òun náà ló ní kí wọ́n máa bù ú sí i, àní títí…"

Kò sẹ́ni tó parí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi dé etí wolé-wolé, ó ti di òótọ́. Ó gbé àgádágodo, ó fi ti kẹ́míìsì pa, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọjọ́ kejì ló tó rántí pé òun ò tíì fojú kan ọmọ náà. Kọ́kọ́rọ́ wá ń wúwo lápò rẹ̀ bí òkúta.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù onídìrí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń wo ilẹ̀. Làpálàpá tó jẹ́ òrùka kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn. Awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ń dán.

Ó kọ́kọ́ bi ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ náà. Ìyá ní omi àti ọṣẹ nìkan lòun fi kàn án. Bí wọ́n bá fẹ́ fura sí òun, kí wọ́n yáa fura sí irun òun náà, òun ló funfun láìgbàṣẹ.

Ó yíjú sí onídìrí.

"Bí wọ́n ṣe ní ká lò ó la ṣe lò ó, ọ̀gá."

"Ọjọ́ kelòó ni yíyún dáwọ́ dúró?"

"Ọjọ́ kejì. Pupa rẹ̀ náà sì lọ. Nígbà tó yá ló padà, ló bá ń ràn."

Ọ̀rọ̀ náà kọ wolé-wolé lóminú. Ìpara làpálàpá kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú túùbù wá.

Ìyá àgbà ló mú un wá. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ṣì jìnnà, kò tíì bàjẹ́. Àmọ́ ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láti ìdí dé ẹnu.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé gan-an ni mo ṣà á nínú ìdọ̀tí," ni ìyá wí. "Mo rò pé nǹkan ṣì kù níbẹ̀."

Kí ni wọ́n wá ń fi pa ojú ọmọ láti ọjọ́ náà? Wolé-wolé wo àárín àwọn abọ́ aró irun lórí pẹpẹ. Ó rí ike kékeré kan, ó ṣí i. Ìpara inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń ta sánsán bí òdòdó. Ipa tín-ín-rín kan yí po lójú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni àwọn onídìrí yòókù fi ń po aró. Onídìrí yìí nìkan ló ń fi ìrù ìyarun tó rí ṣóńṣó pò ó.

"Kí lẹ pò mọ́ ọn?"

Onídìrí ò lè wo dígí iwájú rẹ̀. "Ìpara tí mo fi ń bóra."

"Òun ló pa yíyún àti pupa mọ́lẹ̀. Làpálàpá ò kú, ó kàn ríbi sá pamọ́ sí ni. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ ló ń jẹ kiri."

"Àwọn oníbàárà ń wo ọmọ, wọ́n ń wo ìyarun mi. Ẹni méjì ti dìde lórí àga, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo fẹ́ kó tètè lọ ni. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní ìpara oníkẹ́míìsì ni. Àwọn ló parí ìyókù. Mo gbọ́, mo dákẹ́."

"Èmi náà gbọ́," ni wolé-wolé wí, "mi ò béèrè."

Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án yẹn gan-an, kí wọ́n má fi ike yẹn kàn án mọ́. Òun àti onídìrí wá jọ rìn dé kẹ́míìsì. Àwọn ará àdúgbò ti pé síbẹ̀. Oníkẹ́míìsì ká apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Wolé-wolé fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àgádágodo. Oníkẹ́míìsì ò wò ó.

"Ẹ sọ ohun tí mo wí fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ra ìpara," ló sọ fún onídìrí. "Kí gbogbo wọn gbọ́."

Onídìrí wo ilẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń wò ó. Ó wá sọ ọ́, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀:

"Ẹ ní, 'Ẹ fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi díẹ̀ pa á, láàárọ̀ àti lálẹ́, kó kọjá etí òrùka náà. Tí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ ṣì máa pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ má pò ó mọ́ ìpara kankan. Tó bá ń ràn, ẹ gbé ọmọ padà wá bá mi. Mi ò ní bá yín jà.'"